Irin Inú Eegun: Ṣé Kí A Yọ Ọ́ Ni, Tàbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù mẹ́ta yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera tó kan àpò ni, ó sì kan ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pẹ̀lú.

Ó ṣòro kí a rí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Abẹ́òkúta tàbí níbikíbi nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kán lápá tàbí lẹ́sẹ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà rí. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó, á ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù, tàbí nígbà tí ènìyàn ń sáré lọ sọ́jà Láfẹ́nwá ní ìdájí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a gbé lọ sí ilé-ìwòsàn, tí dókítà fi irin so eegun wọn pọ̀, tí eegun jinná, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí ọdún kan tàbí méjì bá kọjá ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀: irin tó wà lára mi yìí, ṣé títí ayé ni yóò wà níbẹ̀?

Àwọn kan á wá bá ìgbìmọ̀ pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi yọ irin tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn sì wà tí irin ń dà láàmú, tí ọyún ń jáde lójú àpá iṣẹ́ abẹ wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi pamọ́ nítorí owó tàbí nítorí ẹ̀rù. Ọ̀nà méjèèjì ló léwu, nítorí àwọn méjèèjì ni a sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí. Irin tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí kò sì yọ àgbàlagbà lẹ́nu, kò di dandan kí a yọ ọ́. Irin tó ń fa ọyún, tó ṣẹ́, tó tú, tàbí tó fẹ́ gún awọ jáde, a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ lọ. Ẹni tí ẹ̀gún kò gún, kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ alábẹ?

BÍ IRIN ṢE DÉ INÚ EEGUN

Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerhard Küntscher, ní ìlú Kiel, ni ó gbé ọgbọ́n ọ̀pá irin gígùn jáde ní 1939, èyí tí a ń tì bọ inú ihò mùdùnmúdùn eegun itan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí àwọn Jámánì kó lẹ́rú padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá yìí nínú itan wọn. Nígbà tí àwọn dókítà ilé wọn yà wọ́n ní ẹ́sírè, ẹnu yà wọ́n, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ní 1958, àwọn dókítà kan nílẹ̀ Switzerland kó ara wọn jọ, wọ́n sì ṣètò bí a ó ṣe máa lo irin pẹlẹbẹ àti súkúrù láti fi de eegun tó kán. Ọ̀nà tiwọn náà ló tàn káàkiri ayé.

Nílẹ̀ tiwa, ogun kan náà ló bí ilé-ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì ní Èkó. Ní 1943, ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni, kí ó tó di ilé-ìwòsàn eegun ní 1945. Lónìí, kò di dandan kí ará Abẹ́òkúta dé Èkó kí ó tó rí dókítà eegun. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú eegun, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ilé-ìwòsàn Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù.

Ohun mìíràn tó mú irin wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn wa ni iṣẹ́ dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Zirkle, tó dá àjọ SIGN sílẹ̀ ní 1999. Irin tí wọ́n ń rọ ṣeé fi sínú eegun itan àti ojúgun láìsí ẹ̀rọ ẹ́sírè olówó gọbọi nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń fi ta àwọn ilé-ìwòsàn lọ́rẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, Nàìjíríà pẹ̀lú. Láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ti san, wọ́n máa ń ní kí aláìsàn lóṣòó, kí ó rẹ́rìn-ín, kí a sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá lè lóṣòó, tó sì tún lè rẹ́rìn-ín, ìyẹn ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ti ń di ẹsẹ̀ padà.

Lórí pé kí a yọ irin tàbí kí a fi sílẹ̀, àṣà kò dọ́gba láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Nílẹ̀ Jámánì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó ti pẹ́ tí yíyọ rẹ̀ ti wọ́pọ̀ nígbà tí eegun bá jinná. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà yọ ọ́ lára àgbàlagbà bí kò bá sí ìdí. Ní Finland, ìwádìí kan tó jáde ní 1996 fi hàn pé ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n yẹ̀ wò, nínú iṣẹ́ abẹ eegun mẹ́wàá tí a dá ọjọ́ fún tẹ́lẹ̀, ó tó bíi mẹ́ta tó jẹ́ ti yíyọ irin. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà sọ pé ìnáwó tí a lè dín kù ni. Bí ilẹ̀ tó lówó bá ń ro irú èyí, àwa tí a ń fi ẹ̀yáwó tọ́jú ara wa ní láti rò ó dáadáa.

IṢẸ́ TÍ IRIN Ń ṢE

Láti 1960 ni a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, nítorí náà kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ bí bíríkìlà ṣe ń da dẹ́kì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oríṣi nǹkan méjì ló máa ń lò. Èkínní ni igi àti pákó tó fi ń gbé dẹ́kì dúró lábẹ́. Bí sìmẹ́ńtì bá ti gbẹ, yóò kó gbogbo wọn kúrò, nítorí a kò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí a sì máa gbé inú ilé. Èkejì ni irin tó tẹ́ sínú dẹ́kì fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò ní jáde mọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yọ ọ́, ó ní láti fọ́ dẹ́kì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin ara ènìyàn. Àwọn kan dà bí igi abẹ́ dẹ́kì, a fi wọ́n síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni. Àwọn kan sì dà bí irin inú dẹ́kì, a ṣe wọ́n kí wọ́n lè máa bẹ níbẹ̀ títí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé eegun kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ohun alààyè ni. Irin kọ́ ló ń so eegun pọ̀. Ara ló ń so ó. Iṣẹ́ irin ni kí ó di eegun mú kí ó má mì títí ara yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí eegun bá ti jinná, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wa, irin kàn wà níbẹ̀ bí alejò tó ti parí iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n bí eegun kò bá jinná, irin nìkan ni yóò máa ru ẹrù. Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Bó pẹ́ bó yá, yóò já. Ìdí nìyí tí irin fi ń ṣẹ́ nínú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn láìṣubú. Ẹni tí irin rẹ̀ bá ṣẹ́, kí ó má rò pé irin náà nìkan ni wàhálà. Ó ṣeé ṣe kí eegun má tíì jinná, kí iṣẹ́ sì kọjá kí a kàn yọ irin jáde.

ÀWỌN IRIN TÓ YẸ KÍ A YỌ

1. Irin ìgbà díẹ̀. Èyí ni àwọn ọ̀pá tí a rí lóde ara, tí a fi de ẹsẹ̀ tó ní egbò ńlá, àti àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí wọn yọ sókè awọ, bí èyí tí a ń fi sí ìka ọwọ́. Igi abẹ́ dẹ́kì ni wọ́n. Ọjọ́ tí dókítà bá dá ni kí a padà lọ, ká má ṣe sọ pé ó ti san lójú wa kí a wá jókòó sílé.

2. Irin tó ní kòkòrò àrùn. Bí ojú àpá bá wú, tó pọ́n, tó ń gbóná, tàbí tí ọyún ń jáde lára rẹ̀ tó ń gbẹ tó tún ń tú, ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn ni, kì í ṣe ti ilé oògùn. Kòkòrò wọ̀nyí máa ń da ohun yíyọ̀ bí ewédú bo ara wọn lórí irin, oògùn kì í sì í ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè gbé kápúsù mì fún oṣù mẹ́fà tí ọyún kò ní dáwọ́ dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí irin jáde kí ó tó lè jinná. Ṣùgbọ́n bí eegun kò bá tíì so, dókítà lè ní kí irin ṣì wà níbẹ̀ fún sáà kan, tàbí kí ó fi ọ̀pá ìta rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló lè pinnu èyí.

3. Irin tó ṣẹ́, tó tú, tàbí tó ń rìn kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ lọ ya ẹ́sírè, kí dókítà wò ó.

4. Irin tó wà níbi tí ẹran kò pọ̀. Ọrùn-ẹsẹ̀, ìgúnpá, ọmọrí orúnkún àti eegun ìwájú èjìká ni ó wọ́pọ̀ jù. Obìnrin tí kò lè kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà mọ́, ẹni tí kò lè forí kanlẹ̀ kírun láìkérora, ẹni tí bàtà kò ṣeé wọ̀ fún tàbí tí okùn báàgì kò ṣeé fi kọ́ èjìká, ìdí wà fún irú wọn láti béèrè nípa yíyọ rẹ̀. Ní irú ibi báyìí, yíyọ irin sábà máa ń mú ìrọ̀rùn wá.

5. Irin ara ọmọdé. Eegun ọmọ ṣì ń dàgbà, ó sì lè hù bo irin mọ́lẹ̀ débi pé yíyọ rẹ̀ yóò di ogun bó bá pẹ́. Nítorí náà, dókítà púpọ̀ máa ń yọ irin ọmọdé láàárín bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n fi í sí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

6. Irin tí ara kọ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà tí a ń lò máa ń ní èròjà kan tí a ń pè ní nickel nínú. Èròjà yìí kan náà ló ń mú kí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa yún àwọn kan létí. Ẹni tó bá mọ̀ pé yẹtí ń bá òun jà, kí ó sọ fún dókítà kí wọ́n tó fi irin sí i lára rárá.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ń GBỌ́ LỌ́JÀ

Wọ́n ní irin inú ara máa ń pe àrá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń dípẹtà sínú ẹ̀jẹ̀. Irin tí a ń fi sí ara kì í ṣe irin ìṣó tàbí irin ọkọ́. Oríṣi tí kì í dípẹtà bọ̀rọ̀ ni, tàbí titanium, tí ara máa ń gbà mọ́ra dáadáa. Wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí ẹ̀rí tó dájú fún èyí.

Wọ́n ní bí òjò bá rọ̀ tàbí bí ọyẹ́ bá mú, irin á máa dun ni. Èyí kì í ṣe irọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n eegun tó ti kán rí tí kò ní irin kankan nínú náà máa ń ro nígbà òtútù. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ irin nítorí ọyẹ́ nìkan, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ bá tún dé tí ẹsẹ̀ sì tún ro.

Wọ́n ní ilẹ̀kùn báńkì kò ní gba ẹni tó ní irin lára. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irin ní báńkì tàbí ní pápá ọkọ̀ òfúrufú lè dún fún àwọn kan, ó sì lè má dún fún àwọn mìíràn. Ẹ fi ìwé ilé-ìwòsàn tàbí ojú àpá hàn wọ́n. Kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ gba ọ̀bẹ. Bí dókítà bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ amáwòrán ńlá tó ń lo agbára mágínẹ́ẹ̀tì wo inú ara yín, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wọlé pé irin wà lára yín. Ọ̀pọ̀ irin eegun kò ní dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé kí a má sin wọ́n pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́run kò dá mọ́ wọn. A kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé irin yẹn ló jẹ́ kí olúwarẹ̀ tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

A tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn baba wa tí ń to eegun. A kò kó iyán wọn kéré, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń kọ́kọ́ gbà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n irin tí dókítà fi sínú eegun kò sí nínú iṣẹ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a fa ẹsẹ̀ tó ní irin, kí a fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tàbí kí a fi abẹ sín ojú àpá nítorí kí irin lè jáde. Ọ̀nà tí kòkòrò yóò gbà wọlé nìyẹn.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ YÍYỌ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a ṣe ń yọ ìṣó lára pákó ni a ṣe ń yọ irin lára ènìyàn. Iṣẹ́ abẹ kejì ni, ó ní abẹ́rẹ́ oorun tàbí abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tirẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ àti egbò tirẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ túbọ̀ rò ó.

Ewu kan ni ti iṣan. Iṣan tó ń gbé ọrùn-ọwọ́ wa sókè yí eegun apá òkè ká. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, ó ti lè lẹ̀ mọ́ inú àpá, kò sì ní rọrùn láti dá a mọ̀. Bí ọ̀bẹ bá kàn án nígbà tí a ń yọ irin, ọrùn-ọwọ́ lè rọ wálẹ̀ tí kò ní ṣeé gbé. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún aláàdìrẹ Ìtókù tàbí fún aránṣọ, nígbà tó jẹ́ pé irin náà kò dùn wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ewu kejì ni kí eegun tún kán. Bí súkúrù bá jáde, ihò rẹ̀ á ṣẹ́ kù, eegun kò sì ní lágbára níbẹ̀ títí ara yóò fi dí i. Eegun méjì tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn-ọwọ́ ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi í kánjú yọ irin pẹlẹbẹ ibẹ̀, wọ́n máa ń dúró tó bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì.

Ewu kẹta ni kí irin kọ̀ láti jáde. Orí súkúrù lè fá, bó ṣe ń ṣe àwọn mẹkáníìkì nígbà tí wọ́n bá ń tú ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Súkúrù titanium mìíràn sì máa ń lẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ bí ẹni pé a jó wọn pọ̀. Dókítà lè fi apá kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ló bọ́gbọ́n mu jù.

Ewu kẹrin kò hàn lójú: kí a ná owó, kí a gba ọ̀bẹ, kí ìrora náà má sì lọ. Àwọn tí ọ̀pá irin wà nínú ojúgun wọn sábà máa ń ní ìrora lórúnkún bí wọ́n bá kúnlẹ̀. Bí a bá yọ irin náà, ara á tu àwọn kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ DÓKÍTÀ

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ kó gbogbo fọ́tò ẹ́sírè yín dání, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kí ẹ sì béèrè pé:

1. Ṣé eegun mi ti jinná pátápátá?
2. Ṣé irin yìí gan-an ló ń dùn mí? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?
3. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ́?
4. Ṣé iṣan pàtàkì kan wà nítòsí ibẹ̀?
5. Ṣé irinṣẹ́ tó bá irú irin yìí mu wà lọ́wọ́ yín?
6. Ọjọ́ mélòó ni mi ò ní lè ṣiṣẹ́?
7. Eélòó ni gbogbo rẹ̀, láti orí káàdì dé orí oògùn tí n ó lò nílé?

Ìbéèrè karùn-ún ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí irin kọ̀ọ̀kan ló ní sípánà tirẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi irin sí lára, kí ó gba ìwé tó ní orúkọ irin náà àti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó fi í sí i lè ti kúrò níbẹ̀ tàbí kí ó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹbí lè gbani nímọ̀ràn, ọkọ tàbí aya lè sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ara ló ni ìpinnu. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀, kò sí àrífín nínú kí ẹ lọ bá dókítà eegun mìíràn kí òun náà wò ó.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ TI YỌ Ọ́

Ẹni tí a yọ ọ̀pá inú itan tàbí ojúgun rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láìpẹ́, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Bí okùn iṣẹ́ abẹ bá sì jẹ́ irú èyí tí a ń já, ó máa ń tó bí ọjọ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n kí ara gbé àpá kò túmọ̀ sí pé eegun ti le. Fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kò yẹ kí olúwarẹ̀ ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́, kó ebè, gba bọ́ọ̀lù, tàbí ṣe iṣẹ́ tó lè mú un ṣubú. Kí ó yẹra fún ọ̀kadà bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó bá jẹ́ iṣẹ́ oko ló ń ṣe, kò yẹ kí ó dá ọjọ́ yíyọ irin sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ÀTI ẸGBẸ́ WA

Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó láti yọ irin, a rọ àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí wọ́n béèrè ìwé dókítà. Kì í ṣe láti fi ni ín lára, bí kò ṣe kí òun náà lè mọ̀ dájú pé ó nílò rẹ̀. Bí irin náà kò bá ṣe é ní nǹkan kan, kí a fi sùúrù là á yé e pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó yẹn lè ṣe ọjà, ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irin tó ń fa ọyún tàbí tó ṣẹ́ ni, kí ìgbìmọ̀ má sọ pé kì í ṣe ẹ̀yáwó òwò. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni òwò rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ títí tí kòkòrò fi jẹ eegun, owó tí yóò ná yóò pọ̀ ju èyí lọ, ó sì lè má lè san èyí tó ti jẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, àwọn onígbọ̀wọ́ ni yóò ru ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀nà tí a ó gbà san án padà. Ká ní ẹnì kan yá ₦240,000 tí yóò fi oṣù 12 san, ìyẹn jẹ́ ₦20,000 lóṣù kí a tó ka èlé. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye tí ilé-ìwòsàn ń gbà. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ fún oṣù kan ààbọ̀, níbo ni yóò ti rí owó oṣù àkọ́kọ́ àti ìkejì? Kí ó béèrè pé kí sísan bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí owó tó jáde. Ẹni tó bá ń ṣírò ìnáwó, kí ó ka owó ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ má gbàgbé ètò adójútòfò ìlera. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní àjọ tirẹ̀ fún un. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè ohun tó kan iṣẹ́ abẹ eegun nínú rẹ̀ kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kò gba owó rárá. Ọmọ Lísàbí ni wá, a sì mọ̀ pé àáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wà nílé tí kò gbọdọ̀ kó ebè fún oṣù mẹ́ta, bí àwọn mẹ́wàá bá yọ̀ǹda òwúrọ̀ kan, oko rẹ̀ kò ní di igbó. Bí ìyá ọlọ́jà kan kò bá gbọdọ̀ ru ẹrù, ẹni tó ń lọ sọ́jà kan náà lè bá a gbé e. Irú èyí ni ẹgbẹ́ wà fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irin wà lára yín tí ó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa sùn. Ẹ̀yin tí tiyín ń fa ọyún, tó ń gún yín tàbí tó ti ṣẹ́, ẹ má ṣe dúró de ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ kó ẹ́sírè yín dání, kí ẹ lọ rí dókítà eegun lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín gbọ́.

Ẹsẹ̀ wa kò ní kọsẹ̀.